Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ní Ọ̀sán Gangan

"Ẹ na ìka yín, mà. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."

Jẹ́nrọ́lá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí gíláàsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ilé Ẹjọ́ Òfuurufú. Ìmọ́lẹ̀ kan jáde lábẹ́ gíláàsì náà, ó ń rìn lórí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá kòkòrò lórí ọmọdé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà kò wo ojú rẹ̀. Àmì eyín ló ń wá.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Orí-Òpó, ìlú orí omi yẹn, pé àmì eyín ni wọ́n ń wá. Àwọn baba wọn ló ní a kì í fi ìka na ọmọ elégédé, kí ó má baà rà. A kì í sì í fi ìka na ìràwọ̀ tó ń mú ọkọ̀ délé, kí ó má baà ṣí kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì nà án, kí ó fi eyín gé ìka náà lójú ẹsẹ̀, kí ó tutọ́ sílẹ̀. Àṣà yìí ti wọ̀ wọ́n lára bí òórùn ẹja. Nígbà tí Òfin Òfuurufú dé, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ka sí ojú ọ̀run láìgbé fóònù sókè, àwọn tó ṣòfin kò tilẹ̀ mọ bí wọn yóò ṣe máa mú arúfin. Àwọn ará Orí-Òpó ló fi eyín ara wọn fi ara wọn sùn.

"Èyí ńkọ́?" Ọkùnrin náà tẹ ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ọ̀tún.

"Ọ̀bẹ ni. Ẹja ni mò ń là."

"Ọ̀bẹ tiyín ní eyín nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín sínú imú. "Ẹ kọjá, Ìyá Ìràwọ̀. Wọ́n ń retí yín."

Ìyá Ìràwọ̀. Orúkọ náà ta á bí ata tó bọ́ sójú. Ilé-iṣẹ́ tó ni Ojúrun, áàpù tó ń fi ìràwọ̀ tọ́ ọkọ̀, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè é ní orúkọ yẹn, inú a bí i, ẹ̀rù a sì bà á, kì í mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni, ìwé kẹrin ló kà mọ, ó sì ti kọ́ ara rẹ̀ pé kí òun máa wo ibi tí òun fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé kí òun tó gbé e. Ẹni tí kò mọ̀wé kì í yára bínú níwájú akọ̀wé. Ó wọlé.

Gíláàsì ni gbogbo òrùlé ilé náà. Oòrùn ọ̀sán oṣù Agẹmọ ń gba inú rẹ̀ wọlé. Òjò ti dá láti àárọ̀, ìkùukùu ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí aṣọ tí wọ́n ká. Lábẹ́ pákó tí wọ́n ń tẹ̀, omi ń lu òpó, ó ń lu òpó, kò sinmi.

Títọ́lá, àbúrò rẹ̀, ti jókòó síwájú, lórí àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹbí arúfin. Aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀ ti ń ṣí. Oṣù mẹ́fà ni Ọmọ́yẹlé ọkọ rẹ̀ ti bá òkun lọ, wọn ò sì tíì jẹ́ kí ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, torí pé ẹjọ́ tí wọ́n pe òkú náà, pé ó fi ojú lásán tọ́ ọkọ̀, kò tíì parí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

"Irọ́ lẹ ń pa. Ẹnu yín ti gbẹ." Títọ́lá fa púpúrú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tó dì sínú ewé, yọ nínú àpò, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ kékeré kan. "Ẹ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó rí yín. Ẹni tí yóò bá ìjọba sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ní ebi nínú."

Jẹ́nrọ́lá bu díẹ̀.  Ó ká a mọ́wọ́.

"Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé Ọmọ́yẹlé kì í mutí," ni Títọ́lá ń wí. "Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe alágídí. Ẹ̀yin ni wọn yóò gbọ́. Ohùn yín wà nínú fóònù gbogbo ayé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń fa òpó ilé arúfin tu ti gúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé wa láti àná. Wọn ò tilẹ̀ dúró de ìdájọ́. Wọ́n ti so okùn mọ́ òpó ibi ìdáná."

"Ibo ni wọ́n ní kí ẹ lọ?"

"Òkè-Gbígbẹ. Èmi àti àwọn ọmọ. Wọ́n ní ọmọ ẹni tó bá rú òfin òfuurufú kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ mọ́ títí ayé. Ẹ bá mi rò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Kí làwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe lórí iyẹ̀pẹ̀?"

 Ohun kan wà tí Jẹ́nrọ́lá ti fi sábẹ́ ahọ́n láti oṣù mẹ́fà, kódà láti ọdún mẹ́wàá, ohun náà sì ti ń dà bí ìkọ́ ìpẹja. Bí ó bá gbé e mì, yóò gún un. Bí ó bá pọ̀ ọ́, yóò fa ẹran yọ.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Dúródọlá ni, lóyà Ojúrun. Ó tẹríba títí ọwọ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó. Ó kí Títọ́lá náà, ó bá a kẹ́dùn, ó bi í léèrè ọmọ. Ọmọ tó mọ ọ̀wọ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani lára rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi débí kan. Kò ní pẹ́."

Ó mú Jẹ́nrọ́lá lọ sí ìdí ògiri, ó sì gbé fóònù kan lé e lọ́wọ́. "Àtàǹpàkò yín nìkan ni. Ibi roboto tó wà nísàlẹ̀ yẹn."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Pé ẹ̀yin lẹ júwe Ìràwọ̀ Ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ wa lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Pé ibi tí ọwọ́ yín tọ́ka sí náà ló wà nínú áàpù. Ṣé irọ́ ni?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

"Kí ni, mà?"

"Ìràwọ̀ náà. Tí mo bá fẹ́ buwọ́ lu nǹkan, ó yẹ kí n rí i."

Dúródọlá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka kan ojú fóònù. "Kò burú."

Jẹ́nrọ́lá gbé fóònù náà sókè sí gíláàsì òrùlé. Ojú fóònù náà ṣókùnkùn. Ọ̀sán gangan tó wà lókè di alẹ́ nínú ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ àgbékọ́ ló kọ́kọ́ yọ, àwọn tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbé kọ́ sójú ọ̀run, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, lórí ìlà, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Wọ́n gbé orúkọ ọṣẹ rù, wọ́n gbé orúkọ báńkì rù, wọ́n gbé orúkọ ẹni tó fẹ́ dupò rù. Àwọn wọ̀nyí náà ni wọ́n ń tàn lálẹ́ tó fi jẹ́ pé kò sí ojú tó lè dá tí Ọlọ́run mọ̀ láàárín wọn mọ́. Ó rọra yí fóònù. Lẹ́yìn wọn ló ti rí Adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n kó ara wọn jọ sápá ìwọ̀ oòrùn. Ó rí Àgùàlà tí àwọn aláìmọ̀kan ń pè ní ajá òṣùpá. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ dùn. Ó bínú sí i pé ó fẹ́ dùn.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe dùn lọ́jọ́ kìíní.

Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni wọ́n wá lọ́dún náà lọ́hùn-ún, pẹ̀lú fóònù tó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá orúkọ tí àwọn ará omi ń pe ìràwọ̀, kí ó má baà parun. Wọ́n gbé fóònù sókè lọ́sàn-án, Jẹ́nrọ́lá sì rí gbogbo ìràwọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi hàn án nínú ọkọ̀, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn oòrùn bí ẹni tó wà nínú yàrá tí a kàn ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó sunkún lójú wọn. Ó sọ orúkọ fún wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó kan Ìràwọ̀ Ọkọ̀, tó ti yọ lápá ilé, tó ń mì lẹ̀jẹ́lẹ̀jẹ́, obìnrin akọ̀wé náà ní kí ó nà án fún ẹ̀rọ.

Jẹ́nrọ́lá di ọwọ́, ó ká àtàǹpàkò mọ́nú, ó sì ju ẹ̀ṣẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́, sápá òkun, bí gbogbo ọmọ Orí-Òpó ṣe ń ṣe. Ọmọ ọdún márùn-ún níbẹ̀ mọ̀ pé èèyàn kì í wo ibi tí ẹ̀ṣẹ́ bá dé. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ náà tó kọjú sílé ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ ilé. Òrùka pupa kan yí ìràwọ̀ mìíràn ká, èyí tó wà lápá òkun, tó ń dúró gangan lórí ẹnu ìgbì. Ó rí i. Ẹnu rẹ̀ là. Obìnrin akọ̀wé náà sì ní, "Ó ti gbà á, mà. Ẹ wá wí báyìí: Ìràwọ̀ Ọkọ̀ nìyí, ẹ tẹ̀lé e."

Ó wí bẹ́ẹ̀. Ta lòun tí òun yóò sọ fún ẹ̀rọ àwọn tó kàwé pé ó ṣì í? Ó sì rò pé eré ni.

Eré náà ni, fún ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni òfin dé, tó fi ìtọ́kọ̀ gbogbo ọkọ̀ sábẹ́ áàpù náà. Kí atukọ̀ pe orúkọ ìràwọ̀, kí ó ká ọwọ́ gbera, ẹ́ńjìnnì yóò mú un lọ. Ọdún kìíní, àwọn ọkùnrin ń pe orúkọ lẹ́nu, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti ìtọ́kọ̀ padà sójú ọ̀nà ilé lábẹ́lẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọdún kejì, wọ́n fi àgádágodo irin sí i, kí ẹsẹ̀ má lè yí i mọ́. Ọkọ̀ Ọmọ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ tì pa. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni ọkọ̀ náà gbé e lọ, ní àṣálẹ́ kan tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò rí iwájú ọkọ̀ ara rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngán, Jẹ́nrọ́lá fi ìka kan òrùka pupa náà nínú fóònù. Ojú ara rẹ̀ yọ sí i, ojú ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, pẹ̀lú gèlè tí wọ́n yá a wé. Ohùn rẹ̀ sì sọ pé, "Ìràwọ̀ Ọkọ̀ nìyí. Ẹ tẹ̀lé e."

 Ó gbé fóònù náà kúrò lápá òkun, ó gbé e gòkè, ó wá a, ó rí i. Òun náà nìyẹn. Funfun, ó ń mì, ó ń ṣẹ́jú, kò jìnnà sí àárín òrùlé. Òdòdó ni wọ́n yà yí i ká. Orúkọ kan wà lára rẹ̀.

"Kà á fún mi," ló wí.

Dúródọlá kò wo fóònù náà. "Ìràwọ̀ Ìfẹ́ Dérẹ̀mí àti Ṣínà."

"Ta ni wọ́n?"

"Tọkọtaya ni. Bàbá ìyàwó ló fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Èèyàn ńlá ni, mà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"O mọ̀ pé òun ni Ìràwọ̀ Ọkọ̀."

 Dúródọlá kò sẹ́ ẹ. Ó dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sẹ́ ẹ. "A rí i lọ́dún tó kọjá pé nǹkan ò dọ́gba níbẹ̀. Àwọn àgbà kan ti kọ̀wé. Àmọ́ ìràwọ̀ tí ẹ ń wí yẹn ti di ti ẹlòmíì, mà. A ò lè lọ ká ọrẹ ìgbéyàwó kúrò lórí ọmọlọ́mọ torí ọkọ̀ apẹja."

Torí ọkọ̀ apẹja. Nǹkan kan gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ Jẹ́nrọ́lá wá sókè orí. Wọ́n mọ̀. Ọyẹ́ kò tíì dé, Ọmọ́yẹlé ṣì ń jẹun lálẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ti mọ̀, wọ́n sì tún gbé àgádágodo irin wá fi sí i.

"Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa jìyà rẹ̀, mà." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọwọ́ yín ló ṣi ìràwọ̀. Ohùn yín ló sọ fún Ọmọ́yẹlé pé kí ó máa bọ̀. Tí orúkọ yẹn kò bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Ṣé ẹ fẹ́ kí àbúrò yín ti ẹnu mi gbọ́ ìyẹn? Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ilé wọn á lọ, òótọ́ ni, àmọ́ yàrá wà nílé yín. Wọ́n á máa bá yín gbé. A ó bá yín bẹ̀ wọ́n, wọn ò ní kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè-Gbígbẹ. Ẹ ó jọ máa jẹun pọ̀, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀."

Jẹ́nrọ́lá wo ibi tí Títọ́lá jókòó sí. Títọ́lá ń wò wọ́n, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni tó rò pé wọ́n ń ṣètò ire fún òun.

Aago dún. Gbogbo èèyàn dìde. Adájọ́ wọlé, obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ ẹ̀wù búlúù, ó jókòó, ó gbé fóònù tirẹ̀ síwájú, ó sì ní kí wọ́n gbé ohùn inú ọkọ̀ náà jáde.

Ohùn Ọmọ́yẹlé jáde lára ògiri. Ó tutù, ohùn ọkùnrin tó ń lọ sílé.

"Ìràwọ̀ Ọkọ̀."

"Ìràwọ̀ Ọkọ̀ nìyí. Ẹ tẹ̀lé e."

Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà: "Ìràwọ̀ Ọkọ̀, mo ní."

"Ìràwọ̀ Ọkọ̀ nìyí. Ẹ tẹ̀lé e."

Omi ti ń dún lọ́nà mìíràn. Ará Orí-Òpó èyíkéyìí tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé kì í ṣe omi ọ̀sà mọ́. Ohùn Ọmọ́yẹlé tún dé, kò sì bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀, aládùúgbò kò sí níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ ló ń bẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Jẹ́nrọ́lá, ibẹ̀ kọ́. Ẹnu òkun nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa."

"Ìràwọ̀ Ọkọ̀ nìyí. Ẹ tẹ̀lé e."

Irin kan lu irin. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Nǹkan kán. Omi wá bo gbogbo rẹ̀.

Títọ́lá ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí. 

"Olúwa mi ti gbọ́ irin yẹn," ni Dúródọlá wí. "Ibi tí olóògbé ti fọ́ àgádágodo nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, ojú lásán ló fi tọ́ ọkọ̀, ojú lásán ló sì pa á. Áàpù kò jẹ̀bi. Ẹni tó fún áàpù lórúkọ náà wà níbí, yóò sì fi àtàǹpàkò jẹ́rìí."

"Ẹni tí ìgbì ti gbé dání," ni ohùn àgbà kan wí lẹ́yìn, "ṣé ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?" Bàbá Lúfadéjú ni, atukọ̀ tó dàgbà jù ní Orí-Òpó.

"Bàbá, ẹ dákẹ́," ni adájọ́ wí.

"Mo ti ń dákẹ́ láti ọdún méjì, Olúwa mi. Ibi tí ìdákẹ́ gbé wa dé nìyí."

"Ẹ dákẹ́, bàbá." Adájọ́ yíjú sí Jẹ́nrọ́lá. "Ìyá Ìràwọ̀, ṣé ibi tí ẹ tọ́ka sí náà ni ìràwọ̀ yìí wà nínú Ojúrun? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ àtàǹpàkò yín."

Fóònù náà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ibi roboto náà ń ṣẹ́jú. Púpúrú tí Títọ́lá fún un ṣì wà nínú ọ̀tún rẹ̀, ó ti di rírọ̀ bí amọ̀.  Ó ti fi ìbẹ̀rù dé ìbínú rẹ̀ lórí fún oṣù mẹ́fà, bí ẹni fi òkúta dé ìkòkò tó ń hó. Ohùn ara rẹ̀, tí ó gbọ́ tó ń dá Ọmọ́yẹlé lóhùn bí òkú, ló ṣí òkúta náà kúrò.

Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Olúwa mi, Jẹ́nrọ́lá ni orúkọ mi. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Ìyá Ìràwọ̀ mọ́. Mi ò mọ̀wé púpọ̀. Mo máa rọra sọ ọ́." Ó mí. "Ibi tí ẹ̀ṣẹ́ mi dé lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fi sínú fóònù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ bá dé kọ́ là ń wò níbí. A kì í nà án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń nà. Wọn ò bi mí. Èmi náà ò sì sọ, torí ẹ̀rù wọn ń bà mí."

"Olúwa mi," ni Dúródọlá wí, "èyí kò sí nínú ìwé tí—"

"Mi ò tíì parí," ni Jẹ́nrọ́lá wí, láìgbé ohùn sókè. "O ti sọ tìẹ fún mi nídìí ògiri. Jẹ́ kí n sọ tèmi ní gbangba."

Ó wo Títọ́lá. "Àbúrò mi, ẹ̀ṣẹ́ tí mo jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà ló gbé ọkọ rẹ lọ. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ṣì í. Àwọn náà mọ̀ láti ọdún tó kọjá, kí wọ́n tó ti ìtọ́kọ̀ rẹ̀ pa. Ọkùnrin yìí ló sọ fún mi níbí, lónìí. Ọmọ́yẹlé kò ṣẹ̀. Ilé ni ó ń wá, ó sì mọ ibi tó wà."

 Ẹnu Títọ́lá ṣí díẹ̀, kò pa dé.

Jẹ́nrọ́lá ju púpúrú náà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ìró. Lẹ́yìn náà, ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sókè, gbọọrọ, kò ká a, kò yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iná pupa tàn lórí ògiri. Àwọn obìnrin lẹ́yìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe torí òfin nìkan.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀," ni adájọ́ wí.

"N ó sọ ọ́ kalẹ̀ tí ẹ bá ti rí i. Nínú oṣù Agẹmọ, òun àti oòrùn ni wọ́n jọ ń rìn, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i. Bàbá mi ló fi hàn mí. Oòrùn wà lápá òkè, òun wà lápá òkun díẹ̀, ibí yìí gan-an. Èyí tí ẹ ní kí àwọn ọkùnrin wa máa tẹ̀lé, ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lórí ìgbì. Olúwa mi, ẹ̀yin ní fóònù. Ẹ tẹ̀lé ìka mi."

 Adájọ́ wo iná pupa náà, ó wo Dúródọlá tó ń mi orí fún un díẹ̀díẹ̀, ó wo ìka obìnrin náà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó gbé e sókè, ó tọ ìka náà lọ bí ẹni ń tọ okùn lọ sínú kànga.

"Òdòdó," ló wí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá Lúfadéjú gbé fóònù tirẹ̀ sókè. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé tirẹ̀. Ogójì fóònù gòkè nínú gbọ̀ngán náà, gbogbo wọn dojú kọ ibi tí ìka kan ń nà, kò sì sí ẹni tó rú òfin nínú wọn àfi Jẹ́nrọ́lá. Obìnrin kan ka orúkọ tọkọtaya náà jáde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí àwọn tó ti dàgbà níbẹ̀ dá ìràwọ̀ náà mọ̀ lábẹ́ òdòdó, bí èèyàn ṣe ń dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀ lábẹ́ ìbòjú.

"Olúwa mi, ohun-ìní ẹlòmíì nìyẹn," ni Dúródọlá wí. Ó ti ń làágùn. "Kò yẹ kí gbogbo èèyàn máa—"

"Ẹ jókòó, lóyà." Adájọ́ sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀.  "Kí wọ́n tú okùn lára òpó ilé obìnrin yìí. Kí ọkọ̀ náà padà lọ títí n ó fi pe ẹjọ́ yìí lẹ́ẹ̀kejì." Ó wo Jẹ́nrọ́lá, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Ṣùgbọ́n ìka lásán ni ìka lásán, mà. Iná ti tàn. Ẹ mú un."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bọ̀. Jẹ́nrọ́lá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Apá ń ro ó. Ó mọ ohun tó yẹ kí ó fi ìka náà ṣe báyìí, gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ̀, wọ́n sì ń wo ẹnu rẹ̀. Kò ṣe é. Ó fi ìka náà sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Bí ìràwọ̀ náà bá fẹ́ ṣí, kí ó ṣí. Wọ́n ti ṣí i ná.

Títọ́lá dìde lórí àga ẹbí arúfin. Kò sáré. Ó rìn kọjá níwájú adájọ́, ó rìn kọjá níwájú Dúródọlá, ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò gbá a létí. Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún Jẹ́nrọ́lá mú. Ó gbé ìka ìfábẹ̀lá náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó sì fi gbogbo eyín gé e.

Ó gé e fún ọkọ rẹ̀. Ó gé e fún ọdún mẹ́wàá. Ó gé e kí ìràwọ̀ má baà ṣí. Ẹ̀jẹ̀ yọ, ó ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ sórí aṣọ dúdú. Jẹ́nrọ́lá kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Títọ́lá tutọ́ pupa sórí pákó ìjọba, ó wo wọ́n, kò sì fi ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀.